Ìtọ́jú orúnkún tó ń tẹ̀ sẹ́yìn lẹ́yìn rọpárọsẹ̀: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn nílé

Nígbà tí ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní apá kan ara bá kọ́kọ́ dìde dúró, tí ó sì gbé ìṣísẹ̀ mélòó kan nínú pálọ̀, inú gbogbo ará ilé máa ń dùn. Wọn á máa ké pé, "Ẹ na ẹsẹ̀ yẹn dáadáa, ẹ jẹ́ kó le!" Bàbá tàbí ìyá náà á na ẹsẹ̀ lóòótọ́, orúnkún á sì le gbagidi bí òpó. Ohun tí ojú kì í tètè rí ni pé orúnkún yẹn ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró, ó ti tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun, àti pé ìdúró tó jọ agbára yìí gan-an ló ń jẹ egungun rírọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dá lé: ẹsẹ̀ tí rọpárọsẹ̀ bá lù gbọ́dọ̀ máa gbé ara pẹ̀lú orúnkún tó rọ̀ díẹ̀ síwájú, kì í ṣe orúnkún tó le tì sẹ́yìn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú oríkèé

Ìsàlẹ̀ egungun itan àti orí egungun ojúgun ló pàdé ní orúnkún. Kí egungun má baà máa ha egungun, ìpele egungun rírọ̀ kan wà tó bo ojú ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, ó funfun, ó ń dán, ó sì ń yọ̀. Irú rẹ̀ ni àwọn tó ń ra ẹran ní ọjà Òyìngbò tàbí Mushin ń pè ní egungun bísíkíìtì. Ní orúnkún àgbàlagbà, nínípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 4 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, kò sì ní iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ, bí omi ṣe ń wọ inú kànìnkànìn: tí a bá tẹ̀ ẹ́, omi àtijọ́ á jáde, tí a bá tú ọwọ́ lára rẹ̀, omi tuntun á wọlé. Nítorí èyí ni orúnkún tí kò rìn rárá fi ń pàdánù nínípọn ìpele yìí, tí orúnkún tí ẹrù ń wọ̀ sí ojú kan ṣoṣo náà sì fi ń jẹ. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú lè jìyà méjèèjì, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì: ó ti lo oṣù mélòó kan lórí bẹ́ẹ̀dì tí ìpele náà ti rẹ̀, ó wá dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ lé iwájú oríkèé náà.

Nígbà tí orúnkún bá tẹ̀ sẹ́yìn, apá iwájú egungun itan àti ti ojúgun á kọlu ara wọn, ọ̀rá tó wà níwájú oríkèé á há sáàárín wọn, àwọn okùn tó di ẹ̀yìn orúnkún mú á sì máa fà. Okùn tó bá ti fà gùn kì í tètè sún kì padà, nítorí náà orúnkún náà á túbọ̀ máa tẹ̀ sẹ́yìn, ẹrù á sì túbọ̀ máa wọ̀ sí iwájú. Níwọ̀n bí egungun rírọ̀ fúnra rẹ̀ kò ti mọ ìrora, aláìsàn kì í pariwo títí tí egungun abẹ́ rẹ̀ tàbí awọ tó yí oríkèé ká yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fara gbá a. Bí rọpárọsẹ̀ bá sì ti mú ìmọ̀lára ẹsẹ̀ náà lọ pẹ̀lú, ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe dúró de ìrora kí ẹ tó ṣe nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́

Ẹni tó bá dúró sí iwájú tàbí ẹ̀yìn aláìsàn kò lè rí àléébù yìí dáadáa. Láti ẹ̀gbẹ́ ni a ti ń rí i. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, tí aláìsàn ti lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín àwọn yàrá tó kọjú síra wọn, irú èyí tó pọ̀ ní Mushin àti Ṣómólú, gùn tó, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ tó fún ẹni tó fẹ́ ya fídíò láti ẹ̀gbẹ́; àgbàlá ló dára jù, bí ilẹ̀ rẹ̀ bá tẹ́jú tí kò sì yọ̀. Ẹ gbé fóònù ka orí àpótí kí ó wà ní ọ̀gangan orúnkún, kí ó sì jìnnà tó mítà 3. Ẹ ká ṣòkòtò tàbí ìró sókè kọjá orúnkún. Kí ẹnì kan dúró ti aláìsàn ní apá tí àrùn mú, nítorí ìṣubú ni ìpalára tó burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́yìn tí ó bá ti rìn lọ rìn bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ mú kí fídíò náà máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fojú fa ìlà kan láti ìbàdí dé kókósẹ̀ ní àkókò tí ẹsẹ̀ náà nìkan ń gbé ara. Bí àárín orúnkún bá bọ́ sí ẹ̀yìn ìlà náà, ó ń tẹ̀ sẹ́yìn nìyẹn, ọ̀pọ̀ oníṣègùn ni kì í sì í fojú kékeré wo èyí tó bá ti ju dígírì 5 lọ. Ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹlẹ̀ nínú ìṣísẹ̀ 10, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ yà á. Ẹ wo ẹsẹ̀ kejì náà: àwọn kan wà tí orúnkún wọn méjèèjì ti ń tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ láti kékeré, ti irú wọn sì yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ìdí rẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ ilé ti máa ń ṣìnà, nítorí pé wọ́n rò pé orúnkún tó ń ṣe bákan náà ní ìdí kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan ẹ̀yìn ojúgun lè ti le tàbí kó ti sún kì, kí ó má jẹ́ kí ojúgun tẹ̀ síwájú lórí ẹsẹ̀. Nígbà tí gìgísẹ̀ bá kan ilẹ̀, ojúgun á tì sẹ́yìn, orúnkún á sì bá a lọ. Iṣan iwájú itan lè ti rọ, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ wá máa ti orúnkún sẹ́yìn kó má baà wó lulẹ̀. Iṣan ẹ̀yìn itan tó yẹ kó fa orúnkún padà lè jẹ́ aláìlágbára. Ó sì lè jẹ́ pé ọpọlọ kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ wà mọ́, bí ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn.

Ẹ jẹ́ kí aláìsàn jókòó, kí ẹ na orúnkún rẹ̀, kí ẹ sì rọra ti iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ lè dúró sí ojúgun bí ògiri ṣe dúró sí ilẹ̀. Bí kò bá dé ibẹ̀, iṣan ẹ̀yìn ojúgun wà lára àwọn tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó na orúnkún fúnra rẹ̀ lórí àga, kí ó sì gbé e dúró títí ẹ ó fi ka 10. Bí ẹsẹ̀ bá ń gbọ̀n tàbí tó ń já bọ́, iwájú itan kò tíì lágbára. Ní ìparí, kí ó di ojú, kí ẹ di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀, kí ó sì sọ ibi tí ẹ gbé e sí. Ẹni tó bá ń ṣì í sọ léraléra nílò láti máa fi ojú ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ tó bá ń rìn.

Nítorí ohun tí mo sọ nípa iwájú itan yìí, ẹ má ṣe dúró lẹ́yìn aláìsàn kí ẹ máa pàṣẹ fún un pé kó tẹ orúnkún síwájú. Ẹni tí iṣan rẹ̀ kò lè gbé e, tó sì jẹ́ pé títì tí ó ń ti orúnkún sẹ́yìn nìkan ni kò jẹ́ kó ṣubú, yóò gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, yóò sì wó lulẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gbé fídíò náà lọ fún físíò

Àyẹ̀wò ilé kò rọ́pò ti oníṣègùn. Ó kàn ń mú kí ọ̀rọ̀ yára ni. Ní orí ilẹ̀ Èkó, àwọn físíò, ìyẹn àwọn oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, wà ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, àti ní ilé ìwòsàn egungun tó wà ní Ìgbòbì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 gẹ́gẹ́ bí ibùdó ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ bi físíò léèrè èwo nínú àwọn ìdí tí mo kà sílẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù lára ẹni tiyín. Bí iṣan ẹ̀yìn ojúgun bá le ju ohun tí nínà lè ṣe lọ, dókítà lè sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ tó ń dẹ iṣan, èyí tí agbára rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kó tó lọ.

Ní ti àwòrán, ẹ mọ̀ pé X-ray kò fi egungun rírọ̀ hàn. Àlàfo tó wà láàárín egungun méjì ló ń fi hàn, nígbà tí àlàfo náà bá sì ti dín kù, ìpele náà ti jẹ jìnnà. MRI ló ń fi ìpele náà hàn kedere, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lójú tèmi, ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò gbọdọ̀ ná owó bàtà àti ike ẹsẹ̀ tí mo máa ṣàlàyé ní ìgbésẹ̀ tó kàn sórí MRI, àfi tí dókítà bá sọ pé èsì rẹ̀ yóò yí ìtọ́jú padà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bàtà àti ike ẹsẹ̀

Ẹ kó sìlípáàsì kúrò nílẹ̀. Bàtà tí kò di gìgísẹ̀ mú ń jẹ́ kí aláìsàn máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbá a mọ́ra, èyí sì ń mú kí iṣan ẹ̀yìn ojúgun túbọ̀ le. Bàtà kámbáàsì tó ní okùn, tó sì di gbogbo ẹsẹ̀ mú, ni kí ó máa wọ̀, nínú ilé pàápàá.

Ike ẹsẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní AFO ni ohun èlò tó wúlò jù fún ọ̀pọ̀ àwọn tí wàhálà wọn ti ọ̀dọ̀ kókósẹ̀ wá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ó gba ẹ̀yìn gìgísẹ̀ gòkè dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Kì í jẹ́ kí iwájú ẹsẹ̀ já sílẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣe é dáadáa, ó ń ti ojúgun síwájú díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀, orúnkún á sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, wíwọ̀n ló ń sọ ọ́ di ohun ìtọ́jú. Èyí tí a rà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọn ẹsẹ̀ lè gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè lóòótọ́, kó sì máa ti orúnkún sẹ́yìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú bàtà ni a ń wọ̀ ọ́ sí, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ òwú nítorí ooru Èkó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa bọ́ ọ lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì kí ẹ wo awọ ara. Bí ojú ibi tó pọ́n kò bá lọ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, ẹ gbé e padà fún ẹni tó ṣe é. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora lè dá egbò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Gíga gìgísẹ̀ bàtà kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀ṣọ́ mọ́ níbí. Bí ó bá ga, ojúgun á sún síwájú. Bí ó bá lọ sílẹ̀, ojúgun á sún sẹ́yìn. Fún ẹni tí iṣan ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ ti sún kì, físíò lè ní kí ẹ fi nǹkan tó ki tó sẹ̀ǹtímítà 1 sábẹ́ gìgísẹ̀. Ẹ má ṣe fi kún un fúnra yín, nítorí tí ó bá ga jù, orúnkún tí iwájú itan rẹ̀ kò lágbára á yẹ̀ síwájú lójijì. Ní ti rọ́bà tí a ń fà wọ orúnkún, èyí tí wọ́n ń tà káàkiri, ó ń mú orúnkún móoru, kò sì lè dá a dúró kó má tẹ̀ sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: eré ìdárayá

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, bí ó bá sì ga ju ibi tí dókítà ní kó wà lọ, ẹ fi ti ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Kí aláìsàn má ṣe sé èémí nígbà kankan. Ẹ ní kí ó máa kà á sókè, ẹni tó bá ń kà kò lè sé èémí.

Nínà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ ká aṣọ díẹ̀ sábẹ́ orúnkún rẹ̀, kí ẹ fi táwẹ̀lì kọ́ iwájú àtẹ́lẹsẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ tó lágbára fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Aṣọ abẹ́ orúnkún yẹn ni àṣírí rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ń dúró sórí pákó dídagun láti na iṣan yìí, tí orúnkún wọn sì ń tẹ̀ sẹ́yìn ní gbogbo àkókò náà. Okùn ẹ̀yìn orúnkún ni wọ́n ń nà, kì í ṣe iṣan ẹ̀yìn ojúgun.

Lẹ́yìn èyí, kí ó dùbúlẹ̀, kí ó ká orúnkún méjèèjì, kí ó sì gbé ìdí sókè kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ó ka 5 kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èyí ń fún ìdí àti ẹ̀yìn itan lágbára. Ìgbà 8 sí 10 tó fún ẹ̀ẹ̀kan.

Èyí tí mo kà sí jù ni dídìde kúrò lórí àga. Ẹ lo àga tó ga díẹ̀, tó ní ẹ̀yìn, tí kò sì ní táyà. Kí ó fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn sí abẹ́ orúnkún, kí ó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ yóò fi kọjá orúnkún, kí ó sì dìde láìfi ọwọ́ fa ara rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Kí ó tó nà tán pátápátá, kí ó dúró níbẹ̀: ó dúró, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ṣì rọ̀ díẹ̀, ní nǹkan bíi dígírì 10 sí 15. Kí ó ka 5 níbẹ̀, kí ó sì rọra jókòó padà láìju ara sílẹ̀. Jíjókòó díẹ̀díẹ̀ yìí ló ń kọ́ iwájú itan láti gbé ara láìti orúnkún pa. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé aláìsàn á fi gbogbo ìwọ̀n ara lé ẹsẹ̀ tó dá. Kí ẹ gbé ẹsẹ̀ tó dá síwájú díẹ̀, kí ẹsẹ̀ kejì lè ṣiṣẹ́. Ìgbà 5 ni kí ó kọ́kọ́ ṣe, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ó máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún un.

Tí ó bá ti lè ṣe ìyẹn láìgbọ̀n, kí ó dúró ti ìkáńtà ilé ìdáná tàbí irin fèrèsé, kí dígí wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì máa gbé ìwọ̀n ara láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì pẹ̀lú orúnkún tó rọ̀. Ẹni tí ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ nílò dígí yìí gan-an. Ẹ lè fi ìlẹ̀mọ́ kan lé ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ ní gígùn nígbà tí orúnkún rọ̀ díẹ̀. Bí ó bá ti fẹ́ tẹ̀ sẹ́yìn, ìlẹ̀mọ́ náà á fa awọ, awọ á sì rán an létí, bí awọ náà bá ṣì ń mọ nǹkan lára.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àtẹ̀gùn, ọkọ̀ àti ìkúnlẹ̀

Ọwọ́ tó dá ni kí ó fi di ọ̀pá mú, orí ọ̀pá náà kò sì gbọdọ̀ ga ju ọrùn ọwọ́ lọ nígbà tó bá dúró. Lórí àtẹ̀gùn àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ìsàlẹ̀ Èkó, tó dagun tó sì há, ẹsẹ̀ tó dá ló ń kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ tí àrùn mú ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ á sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà méjèèjì. Òfin yìí kan náà ló jẹ́ kí igbe kọndọ́ kò bá gbogbo ènìyàn mu: bó bá ń ké pé kí wọ́n fi ẹsẹ̀ òsì bọ́lẹ̀, tí ó sì jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ni àrùn mú, ọ̀tún ni kí ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Kí dánfó náà ti dúró pátápátá, kí ìwọ náà sì ti bọ́ sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ìkúnlẹ̀ ṣòro fún orúnkún yìí, kì í sì í ṣe àfojúdi bí ìyá kan bá jókòó kí àgbà. Ẹ sọ fún àwọn mọ̀lẹ́bí ṣáájú òde. Mùsùlùmí tí kò lè fi orúnkún kanlẹ̀ lè jókòó sórí àga kírun.

Ìgbésẹ̀ keje: ìrora àti àwọn àmì ewu

Kí ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó orúnkún tí kò mọ ooru. Kí ẹ má sì máa ra oògùn ara ríro ní kẹ́míìsì láìbi dókítà: oríṣi ibuprofen àti diclofenac lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ sínú ikùn lára ẹni tó ń lo aspirin tàbí clopidogrel, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, wọ́n sì lè mú kí rọpárọsẹ̀ tún wá. Paracetamol ni ọ̀pọ̀ dókítà ń kọ́kọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Bí orúnkún bá wú tó sì móoru, ẹ dá eré ìdárayá dúró kí ẹ pe físíò. Bí ẹ̀yìn ojúgun kan ṣoṣo bá wú lójijì, tó ń dùn tó sì ń gbóná, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Ẹ má wọ́ ọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí ẹnu bá wọ́ tàbí ọ̀rọ̀ bá dàrú lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ tún fídíò náà yà ní ibì kan náà pẹ̀lú bàtà kan náà, kí ẹ sì ka iye ìgbà. Bí iye náà bá ti wálẹ̀ láti 8 sí 3 nínú ìṣísẹ̀ 10, ẹ má tíì bọ́ ike náà jù sílẹ̀; físíò ló máa sọ wákàtí tí ẹ lè kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ọjọ́.